Ìwé Tí Mo Ní Kí Sùnkànmí Fọwọ́ Sí

Fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo fi ṣe olùkọ́, kò sí àárọ̀ iléèwé kan tí ẹnikẹ́ni kò kí mi. Bí mo bá ti yọ sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ogójì ọmọ yóò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò sì fi ohùn orin kí mi bí gbogbo ọmọ iléèwé ṣe ń kí tíṣà. Ó máa ń sú mi nígbà mìíràn. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n tó kí mi tán. Bí mo bá mọ̀ pé ìkíni lè wọ́n ènìyàn bí omi ẹ̀ẹ̀rùn, ǹ bá ti jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀.

Calgary, ní Canada, ni mo wà báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin, Tọ́pẹ́, ní McKenzie Towne. Ẹnjiníà ni Tọ́pẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gíga downtown. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo ní ìhà àríwá, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ó máa ń lò níbẹ̀ kí a tó rí i. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Dárà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láàárọ̀, èmi yóò ní, "Dárà, báwo ni a ṣe ń kí àgbà?" Òun yóò ní, "Morning, Grandma," yóò sì tẹ eékún kan díẹ̀ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, bí ẹni tí ó fẹ́ so okùn bàtà. Mo máa ń fún un ní máàkì àbọ̀. Ní agogo mẹ́jọ ààbọ̀, bọ́ọ̀sì iléèwé ti gbé e lọ. Láti ìgbà náà títí di agogo mẹ́rin, èmi àti heater tí ń mú ilé gbóná ni a jọ wà nínú ilé, heater nìkan ni ó sì ń sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo kí obìnrin kan tí ó ń mú ajá rẹ̀ rìn. Mo ní, "Good morning. How is the family?" Ó wò mí, ó wo ajá, ó ní, "Good, thanks," ó sì yára kọjá. Mo dúró dè é pé yóò béèrè tèmi.

Nígbà tí mo sọ fún Tọ́pẹ́, ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ kì í béèrè family lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀ níbí."

"Báwo ni n ó ṣe wá mọ̀ ọ́n?"



Mo kọ táìmù-tébù kan, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Agogo mẹ́sàn-án, àdúrà. Mẹ́wàá, gbígbá ilé. Mọ́kànlá, ìsinmi. Ní àkókò ìsinmi, mo máa ń dúró lójú fèrèsé láti wo ẹni tí ń pín lẹ́tà, bóyá yóò kan ilẹ̀kùn wa. Ó tó oṣù kan kí n tó mọ̀ pé kì í dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Inú àpótí irin kan ní ìkángun àdúgbò ni ó ń kó lẹ́tà gbogbo wa sí. Mo fi rúlà fa ìlà kọjá lórí ìsinmi.

Àbúrò mi, Bọ́sẹ̀, tí òun náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ni ó ń pè mí láti ilé. Bí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ bá lù lọ́dọ̀ mi nígbà òtútù, márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ jẹ?"

"Búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì náà lẹ jẹ lánàá."

"Ìyẹn ti tán. Òmíràn ni."

Yóò rẹ́rìn-ín, èmi náà yóò rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni n ó gbọ́ ariwo àwọn ọmọ tí ń kọjá lójú pópó níwájú ilé rẹ̀. N kì í jẹ́ kí ó tètè pa fóònù nítorí ariwo yẹn.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù kẹta, lẹ́yìn ìsìn, ọkùnrin kan na gbalaja sínú snow níwájú mi níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Mo rò pé ó yọ̀ ṣubú ni.

"Pẹ̀lẹ́ o. Ṣé o ò fi ibì kankan pa?"

"Rárá mà, mo ń kí yín ni." Kò tíì dìde. "Èmi ni Sùnkànmí. Ẹ kọ́ mi ní Primary Five. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Kí-Nìdí."

Mo rántí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ kan tí kì í gbà kí ìṣirò parí láìjẹ́ pé ó béèrè pé kí nìdí tí a fi yá ọ̀kan sórí méje nínú ìyọkúrò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì ní kí ó lọ kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn kíláàsì. Mo sọ fún un pé ohun tí tíṣà bá ti sọ, ó parí.

"Dìde, Kí-Nìdí, aṣọ rẹ ti tutù."

Níbí, wọn kì í fi búlọ́ọ̀kù ṣe ògiri inú ilé. Igi ni wọ́n ń tò, wọn yóò wá kan pátákó funfun kan tí wọ́n ń pè ní drywall mọ́ ọn, wọn yóò sì rẹ́ ojú ibi tí pátákó méjì ti pàdé, títí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ̀ pé méjì ni. Iṣẹ́ Sùnkànmí nìyẹn, òun àti ọkùnrin mẹ́ta tí ó gbà síṣẹ́. Basement kan, yàrá abẹ́ ilé, ní Whitehorn ni ó ń gbé, ibẹ̀ náà sì ni ọ́fíìsì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Fọlá, ṣì wà ní Nàìjíríà. Ó ń tu owó jọ láti mú un wá: owó fọ́ọ̀mù, owó ọkọ̀ òfuurufú, owó ilé tí ó ní fèrèsé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti rí ara wọn, bí kì í bá ṣe lórí fóònù.

"Mà, ọwọ́ mi gbọ́ board," ó wí, "ṣùgbọ́n paper yìí fẹ́ pa mí. Every day, email. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi tò ó. N ó máa fún yín ní nǹkan."

"Nǹkan wo?"

"Owó, mà."

"Mo ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí o pè é ní orúkọ rẹ̀ ni."

Báyìí ni mo ṣe di òṣìṣẹ́ ní Canada, ní ọjọ́ Tuesday àti Thursday. Bọ́ọ̀sì kan àti train méjì ni láti ilé wa. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá lọ, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Whitehorn láì béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo sì dúró díẹ̀ lórí pèpéle bí ọmọ tí ó gba ipò kìn-ín-ní tí kò rí ẹni tí yóò fi káàdì rẹ̀ hàn. Sùnkànmí fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Páálí mẹ́ta ni ó fi kó ìwé sí. Mo bá lẹ́tà tí kò ṣí rí níbẹ̀, rìsíìtì ìṣó, àti ṣinṣín tí ó ti gbẹ. Mo tò ó sí fáìlì, mo fi ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé sí pátákó kíláàsì kọ àkọlé sára wọn, mo sì ń ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo. Ìwé tí kò ní ẹ̀dà, bí ẹni pé kò sí ni.

Bí iṣẹ́ kò bá jìnnà, Sùnkànmí máa ń wá jẹun ní ọ̀sán, yóò sì pe Fọlá. Yóò gbé fóònù náà sí àárín tábìlì kí a lè jọ gbọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà," Fọlá yóò wí. "Ẹ kú ìtọ́jú ìwé. Ṣé ọkọ mi ń jẹun?"

"Ó ń jẹun. Kì í fọ abọ́."

"Ẹ bá mi nà án."

Ní ọjọ́ méjì yẹn láàárín ọ̀sẹ̀, mo ní ẹni tí ń kí mi.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bí mo ṣe máa ń là á fún Primary Five, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé e lórí. Ní ibí yìí, bí o bá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tàbí ẹrù rẹ kọ́ ilé, tí wọn kò sanwó fún ọ, òfin fún ọ ní ẹ̀tọ́ lórí ilé náà fúnra rẹ̀ àti ilẹ̀ tí ó dúró lé. O lè lọ kọ orúkọ rẹ sórí ìwé ilẹ̀ náà lọ́dọ̀ ìjọba. Lien ni wọ́n ń pè é. Bí orúkọ rẹ bá ti wà níbẹ̀, ilé náà kò ní ṣeé tà wọ́ọ́rọ́wọ́, báńkì kò sì ní fẹ́ yá onílé lówó lé e lórí, títí wọn yóò fi yanjú tìrẹ. Ṣùgbọ́n ó ní gbèdéke. Fún iṣẹ́ bí tiwa, ọgọ́ta ọjọ́ ni, láti ọjọ́ tí a bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kẹ́yìn.

Nítorí náà, agbaṣẹ́ṣe àgbà, ìyẹn ẹni tí ó gba gbogbo ilé náà ṣe tí ó wá pín iṣẹ́ fún àwọn kékeré bí Sùnkànmí, máa ń fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ti yọwọ́ kúrò lórí ilẹ̀ náà. Ìwé yìí ni lien waiver. Oríṣi méjì ni ó wà. Ọ̀kan ń sọ pé: bí owó yìí bá dé ọwọ́ mi, mo yọwọ́. Èkejì ń sọ pé: owó ti dé ọwọ́ mi, mo ti yọwọ́. Wọ́n jọra bí ìbejì. Ẹni tí kò bá ti bá wọn gbé kì í mọ èwo ni Táíwò.

Mo fẹ́ràn òfin yẹn láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á. Ẹni tí ó bá fi òógùn rẹ̀ sínú ilé, ilẹ̀ náà mọ orúkọ rẹ̀. Mo ronú kan iléèwé tí mo ti ṣiṣẹ́. Wọ́n ti wó o, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Bọ́sẹ̀ ní àwọn tí ń tajà níbẹ̀ kò mọ̀ pé iléèwé wà níbẹ̀ rí. Nínú train, mo máa ń wo ilẹ̀ funfun tí kò lópin yìí, n ó sì bi ara mi pé kí ni mo fi sínú èyí, tí òun náà yóò fi mọ̀ mí.

Ilé alájà mẹ́rin kan ni Sùnkànmí ń kan board sí nígbà náà, ní gúúsù ìlú. Ó ti ṣe àjà mẹ́ta tán ní ìparí oṣù kẹsàn-án, owó iṣẹ́ náà sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n dọ́là. Mo kọ bíìlì, mo fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin tí ó wà ní ọ́fíìsì agbaṣẹ́ṣe àgbà fi ìwé waiver ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Sùnkànmí kà á ní ìdúró, eruku funfun ṣì wà ní irun rẹ̀.

"Mà, ó ní a ti gba owó."

"Mo rí i."

"A ò tíì gba owó."

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. A ó fọwọ́ sí i, wọn yóò sanwó."

"Kí nìdí tí wọn ò fi kọ ọ́ pé tí àwọn bá ti san án?"

"Sùnkànmí. O ti tún bẹ̀rẹ̀."

Ohùn yẹn, mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà lára mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, mà," ó mú bírò, ó sì fọwọ́ sí i.

Ẹ ní láti mọ ibi tí mo ti mú ìmọ̀ràn náà wá. Ní oṣooṣù, gbogbo àwa olùkọ́ máa ń tò sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń sanwó fún wa, a ó sì fọwọ́ sí fáúṣà níwájú orúkọ wa. Ohun tí fáúṣà náà sọ ni pé, mo ti gba owó yìí pé. Lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti fọwọ́ sí i ni akápò yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àpótí. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún òun lówó, wọn yóò fi ṣe ẹlẹ́yà, wọn yóò sì dá a padà sí ìdí ìlà. Ó súnmọ́ irinwó ìgbà tí mo fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá fọwọ́ sí irọ́ kan náà ní irinwó ìgbà, kò ní mọ̀ ọ́n ní irọ́ mọ́.

Oṣù kẹwàá wọlé, a kò rí owó. Obìnrin ọ́fíìsì náà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Sùnkànmí àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kan board sí àjà kẹrin, wọ́n parí rẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù náà, mo sì tún kọ bíìlì ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá dọ́là. Nígbà tí oṣù kọkànlá fi máa dé, wọn kì í gbé fóònù wa mọ́. Email kan ṣoṣo ni ó wá. Ó ní kí a wo ìwé tí a fọwọ́ sí. A ti sọ fúnra wa pé kò ku nǹkankan.

Mo wà níbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tí Sùnkànmí sanwó fún àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà. Ó jókòó, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù.

"Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mà. Mi ò lè ní kó dúró."

"Owó wo lo fi ń san án?"

Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo mọ̀ pé owó kan ṣoṣo ni ó ní nípamọ́, èyí tí ó ń tu jọ láti fi mú Fọlá wá. Bí ó ti ń fi í ránṣẹ́ lọ́wọ́, fóònù náà dún. Fọlá ni. Ó wò ó títí ó fi dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó pe lọ́yà kan. Òyìnbó ni ọkùnrin náà, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní bí ó bá jẹ́ irú ìwé owó-ti-dé ni, ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ ti bọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n kí ó fi ìwé náà ránṣẹ́ kí òun kà á. Ó sọ iye tí òun yóò gbà láti kà á. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, "Who told you to sign it?"

Mo jókòó síwájú Sùnkànmí. Tábìlì nìkan ni ó wà láàárín wa.

"Nobody," ó dáhùn. "I signed it myself."

Ó pa fóònù náà. Kò fi ìwé kankan ránṣẹ́. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ tíì.

Mo sọ fún un pé òtútù mú mi, mi ò sì padà sí Whitehorn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tọ́pẹ́ ra oògùn ikọ́ wálé, mo sì ń mu ún, bẹ́ẹ̀ ni mi ò hú ikọ́. Mo tún kọ ìsinmi sínú táìmù-tébù. Nínú ilé náà, ohun gbogbo ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí mi: heater ń tàn, ó ń kú, ẹ̀rọ ń fọ abọ́. Mo wá mọ irú ìdánìkanwà kan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ti tẹ́lẹ̀, mi ò rí ẹni kí mi. Ti èyí, ẹni tí ń kí mi wà, mi ò sì lè gba ìkíni rẹ̀. Fọlá fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi: "Mà, mo gbọ́ pé ara yín ò yá. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ṣeun tí ẹ ń bá wa mójú tó ìwé." Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Bọ́sẹ̀ ni mo sọ fún.

"Ẹ̀yin," ó wí. "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ẹ̀yìn páálí ọṣẹ kí ẹ tó fọṣọ."

"Bí a ṣe ń ṣe é nílé ni mo ṣe é."

"Ṣé ó dáa nílé?" Mo gbọ́ tí ó fa àga, ó jókòó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbàgbé ọdún tí a fọwọ́ sí ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní owó ti wà lọ́nà. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Nígbà tí a lọ béèrè, ìwé tí a fọwọ́ sí ni wọ́n fi hàn wá."

Mi ò gbàgbé. Mo kàn kó o pamọ́ síbi tí ènìyàn ń kó ohun ìtìjú sí, mo sì ti ń pe ìyókù ní àṣà.

"Ìwé náà dà?" Bọ́sẹ̀ béèrè.

"Ẹ̀dà kan wà nínú báàgì mi."

"Ẹ lọ mú bírò pupa. Ẹ kà á bí ìwé ìdánwò ọmọ tí ẹ ò fẹ́ kó fẹ́lì."

Mo jókòó sí tábìlì ìdáná, mo sì fi bírò pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń kà á sókè. Orúkọ ilé. Orúkọ iléeṣẹ́ Sùnkànmí. Iye owó. Mo dé ìlà kẹfà, mo sì dúró. Ó ní a yọwọ́ kúrò fún gbogbo iṣẹ́ tí a ṣe títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án. Mo tún un kà. Títí di ọgbọ̀njọ́. Àjà kẹrin kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí a fọwọ́ sí ìwé náà, ẹnikẹ́ni kò tíì kan ìṣó kan sí àjà kẹrin. Àwa méjèèjì ti gba ohun tí wọ́n sọ fún wa gbọ́, pé ìwé kan ti gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Mo mú kàlẹ́ńdà Dárà tí ó ní àwòrán ológbò, mo ka ọgọ́ta ọjọ́ láti ogúnjọ́ oṣù kẹwàá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ìṣirò tí a kò bá tún wò, àròsọ ni. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá.

Wednesday ni ọjọ́ náà, kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ mi. Mo wọ bàtà snow, mo sì jáde. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mo kan ilẹ̀kùn. Sùnkànmí ṣí i. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo di apá rẹ̀ mú.

"Má kí mi ná. Èmi ni mo ṣì ọ́ lọ́nà."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mà. Èmi ni mo fọwọ́ sí i."

"O béèrè pé kí nìdí. Ìbéèrè tó dára ni. Mo pa ọ́ lẹ́nu mọ́ lórí rẹ̀, bí mo ṣe pa ọ́ lẹ́nu mọ́ ní Primary Five. Ní ti ìgbà yẹn náà, mi ò mọ ìdí tí a fi ń yá ọ̀kan. Ìwé olùkọ́ ni mo dà kọ."

Ó wò mí. Ẹ̀rín fẹ́ yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kún fún omi. "Ẹ mú mi kúnlẹ̀ o, mà. Nínú oòrùn."

"Inú kíláàsì ni, lápá ẹ̀yìn, kò sí oòrùn níbẹ̀. Sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Gbé tábìlì yẹn wá."

Mo tẹ́ ìwé náà sílẹ̀, mo fi bírò hàn án. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wá béèrè, lọ́ra, bí ẹni tí ń gbẹ́sẹ̀ sórí yìnyín, "Kí nìdí tí wọ́n fi wá sọ pé kò ku nǹkankan?"

"Nítorí wọ́n rò pé a ò ní kà á."

Lọ́yà náà gba owó rẹ̀, ó sì kọ orúkọ Sùnkànmí sórí ìwé ilẹ̀ náà nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Lẹ́yìn ọdún tuntun, onílé fẹ́ gba owó kan ní báńkì, báńkì sì rí orúkọ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n san ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náà. Ti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n, lọ́yà ní gbèsè ni síbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò dúró lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Agbaṣẹ́ṣe àgbà náà ti wọ gbèsè, àwọn tí ó jẹ lówó sì pọ̀. A wà lórí ìlà. Mo mọ bí a ṣe ń dúró lórí ìlà, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún Sùnkànmí pé yóò kàn wá.

Iṣẹ́ mìíràn dé ní oṣù kejì, lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe mìíràn. Ìwé wọn tún dé, owó-ti-dé kan náà. Sùnkànmí gbé bírò sílẹ̀, ó ń wò mí. Mo fi ìka méjì kọ email, mo tún un kà, mo yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò: kí wọ́n jọ̀wọ́ fi èkejì ránṣẹ́, èyí tí ó sọ pé bí owó bá dé. Mo na ẹ̀yìn ró lórí àga bí ìgbà tí alábòójútó ẹ̀kọ́ bá wọ kíláàsì. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èsì wọlé. "Sure, no problem. Attached."

Ó parí síbẹ̀. A jókòó, a ń wo gbólóhùn kékeré náà. À bá kàn béèrè nígbà náà ni.

Ó ku ẹnì kan. Ní ọ̀sán Thursday yẹn, nígbà tí Sùnkànmí gbé fóònù sí àárín tábìlì tí Fọlá sì kí mi tán, mo ní kí ọkọ rẹ̀ lọ fọ abọ́. Ó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ó mi orí pé kí n má ṣe é. Mo nawọ́ sí abọ́.

"Fọlá, ìwé tí ó jẹ́ kí owó rẹ lọ, ọkọ rẹ kò fẹ́ fọwọ́ sí i. Èmi ni mo ní kí ó fọwọ́ sí i. Ó béèrè lọ́wọ́ mi, mo sì bá a wí."

Omi ń ṣàn nínú síǹkì. Mo gbọ́ àkùkọ kan tí ó kọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ní alẹ́.

"Ó sọ fún mi pé òun ni, mà," ó wí. "Ó ní òun ò kà á dáadáa. Mo bá a jà. Ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò gbé fóònù rẹ̀."

"Ó kà á dáadáa. Jọ̀wọ́, dárí jì mí."

Ó dákẹ́. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan dí i. Ó ní ẹ̀tọ́ sí i.

"Àárín ọdún yìí ló yẹ kí n dé," ó wí níkẹyìn. "Ó ní ó ti di ọdún tó ń bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Snow á ti wà nílẹ̀?"

"Bí ó bá jẹ́ oṣù kìíní, yóò ti wà nílẹ̀."

Mo gbọ́ tí ó ń wá nǹkan, tí ó ń ṣí dúrọ́ọ̀. "Ẹ dúró, mà, kí n mú bírò. Kí ni kí n kó bọ̀?"

Mo sọ ọ́ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí mo bá ń pe dikitéṣọ̀n, òun náà sì ń tún un pè tẹ̀lé mi. Kí ó má ra kóòtù nílé, níbí ni kí ó ti rà á. Kí ó mú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Kí ó mú ata gbígbẹ, kí ó dì í dáadáa. Bí wọ́n bá gbé ìwé kankan síwájú rẹ̀, ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ní báńkì, níbikíbi, kí ó kọ́kọ́ béèrè pé kí nìdí.

"Kí nìdí," ó tún un pè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Mo ti kọ ọ́, mà. Kí ló tún kù?"